Ta ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ohun ìṣeré fún ọmọ rí? Ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Àkọ́bí, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́sàn-án, gbogbo nǹkan ló ń kì bọ ẹnu. Àgékù pákó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lagi nítòsí wa, mo fẹ́ gbẹ́ mọ́tò kékeré fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo ló ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ṣe é, àyà mi ṣì ń já títí dòní. Mọ́tò náà dán, ó wuyì. Ṣùgbọ́n igi ìnulẹ̀ ló gé wẹ́wẹ́ ṣe táyà, kò ju ìdérí ìgò lọ, gúlù nìkan ló fi lẹ̀ ẹ́. Gúlù tí itọ́ ọmọ ń rin lójoojúmọ́! Ọjọ́ kẹta Iléyá, àlejò kún ilé, gbogbo wa ń múra Ojúde Ọba, mo ń wé gèlè lọ́wọ́. Mi ò gbọ́ ariwo kankan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n wẹ̀yìn. Kẹ́hìndé lanu sílẹ̀, kò lè sunkún, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ìyá ọkọ mi já a gbà, ó dà á dojú bolẹ̀ sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni táyà fò jáde, ó yí lọ sábẹ́ àga. Mi ò dé Ojúde Ọba lọ́dún náà.

Rẹ́mọ Gidi: Háà! Ọlọ́run ṣeun.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn: Ẹ bá mi kí màmá yẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ dà á dojú bolẹ̀ kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí lọ, ẹ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ki ìka wá ohun tẹ́ ẹ ò rí lọ́fun rẹ̀, ẹ lè tì í wọlé. Ohunkóhun tó bá gba inú páálí àárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, ó kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.

Bàbá Àkọ́bí: Kò ní sí táyà mọ́.

Káfíńtà Àgbà: Táyà kọ́ ló ṣẹ̀ o, bí wọ́n ṣe dè é ni. Ẹ gbẹ́ eléyìí tó fẹ̀, ẹ ki ọ̀pá gba ara mọ́tò já, kẹ́ ẹ lu èèkàn igi gba táyà àti ọ̀pá pọ̀. Ìṣó ò gbọdọ̀ débẹ̀. Sánpépà nọ́ńbà 80, tó rí háráhárá, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó di 120, kẹ́ ẹ fi 220 tó kúnná parí ẹ̀. Ẹ wá fi aṣọ tútù nù ún, irun igi á tún dìde. Tó bá gbẹ, ẹ tún ha á. Ẹ fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọmọ.

Rẹ́mọ Gidi: Igi wo? Ìrókò ni bàbá mi fi ṣe tèmi.

Káfíńtà Àgbà: Ìrókò kẹ̀! Eruku ẹ̀ a máa yún ara, a sì máa mú ni sín. Igi ọ̀mọ̀ ni mo fẹ́ràn, òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù.

Ará J4: Níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Igi gmelina tí wọ́n gbìn nítorí iléeṣẹ́ bébà Ìwòpin ló kún ọ̀dọ̀ wa ní J4, nínú Igbó Ọ̀mọ̀ níbí.

Rẹ́mọ Gidi: Igbó Ọ̀mọ̀ ni ò ní ọ̀mọ̀?

Ará J4: Odò ni wọ́n fi sọ igbó yẹn lórúkọ. Ẹ wá wò ó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọkùnrin, igi lẹ ń jà lé lórí. Kí lẹ máa fi pa á lára?

Ìyá Àgbà Ìpẹ́rù: Òrí. Ẹ má lo òróró, á kan. Ọmọláńgidi tí bàbá mi gbẹ́ fún mi, òrí ni wọ́n ń fi pa á. Mo pọ̀n ọ́n títí aṣọ fi jẹ ojú rẹ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn: Ẹ má sì lo ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára géètì o. Òjé lè wà nínú ẹ̀, ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́.

Bàbá Àkọ́bí: Mo parí mọ́tò lánàá. Ọmọ wò ó, ó jù ú nù, ó ki àgékù tó kù mọ́lẹ̀. Ojú eyín rẹ̀ méjèèjì ti wà lára ẹ̀.

Káfíńtà Àgbà: Ẹ gba àgékù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ha á kó tó di alẹ́.