Ẹ̀yin tí cation àti anion ti dójú tì rí, ẹ bọ́ síbí

Ọmọ Ìgbógbò: Àná ni ọmọ mi tó wà ní SS1 gbé ìwé kẹ́mísírì wá bá mi. "Dádì, sodium sọ electron kan nù, kí ló dé tí wọ́n tún fi àmì àròpọ̀ sí i lórí?" Mo ní àwọn tó tẹ ìwé ló ṣì í kọ. Ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín títí tó fi sùn. Ẹ sọ tiyín, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú ń tì.

Tíṣà Àgbádárìgì: Ẹ̀gbọ́n, ìwé ò jẹ̀bi o. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kí n tó rí bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa yé wọn. Electron ni ẹyọ iná negative inú átọ́ọ̀mù, mo pè é ní gbèsè; proton ni ti positive, mo pè é ní owó. Sodium ní owó 11, ó jẹ gbèsè 11, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ó wá rí ẹni gba gbèsè kan lọ́wọ́ ẹ̀. Owó ṣì jẹ́ 11, gbèsè ku 10. Ṣé kò ti fi 1 jèrè báyìí? Òun ni Na⁺, cation nìyẹn: ion (átọ́ọ̀mù tí electron ẹ̀ ti dín tàbí lé) tó ní àmì àròpọ̀. Chlorine tó ní 17 sí 17 ló lọ ru gbèsè yẹn, tiẹ̀ di 18, ló bá di Cl⁻, anion, ion tó ní àmì àyọkúrò. Àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ó di iyọ̀ ọbẹ̀. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àfi ọmọkùnrin kan tó nawọ́: "Sà, ta ló máa ń fẹ́ gba gbèsè ẹlòmíì rù?" Aago bíréèkì ló kó mi yọ.

Aya Olóyè: Chlorine yẹn, àbúrò ọkọ mi ni.

Rẹ́wáyà Ìkòròdú: Èmi ò ka kẹ́mísírì dójú ẹ̀, SS2 ni mo ti kúrò. Ṣùgbọ́n ion ti ba bátìrì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Oníbàárà mi kan gbé bátìrì ínfátà olómi wá, omi inú ẹ̀ ti fà. Omi bátìrì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá lọ fa omi kànga, ó rọ ọ́ kún. Kò pé oṣù mẹ́ta, bátìrì ò gbé iná dúró mọ́. Ọ̀gá mi ló wá ṣàlàyé pé omi kànga lè mọ́ lójú, kí ion irin àti ti chlorine ti yọ́ sínú ẹ̀, àwọn yẹn ló ń ba òjé inú bátìrì jẹ́. Èmi ni mo san owó ẹ̀.

Kúnlé_07: Ọmọ iṣẹ́ yẹn ńkọ́?

Rẹ́wáyà Ìkòròdú: Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Ẹ má bi mí mọ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ: Tiyín tiẹ̀ mọ́ lójú. Nílé ìyá ọkọ mi l'Ẹ̀pẹ́, ẹ fa omi láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti pupa bíi tíì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi: Tiwa l'Ẹ̀pẹ́ mọ́ kedere. Ẹ má fi kànga ilé kan ba ìlú jẹ́.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ: Ṣé mo ní gbogbo ìlú ni? Ẹ wá fi fọ aṣọ funfun ká wò ó.

Tíṣà Àgbádárìgì: Ìyá wa ò parọ́. Irin tó sọ electron 2 nù, Fe²⁺, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi. Tí atẹ́gùn bá kàn án, ó tún sọ ọ̀kan nù, ó di Fe³⁺, òun ló ń pupa bí ìpẹtà. Cation ni méjèèjì.

Kúnlé_07: Cation ń lọ sí cathode, ọ̀kan nínú orí méjì tí iná ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, cathode sì ni negative. Ó tán.

Rẹ́wáyà Ìkòròdú: Irọ́. Orí positive ni wọ́n ń pè ní cathode lára bátìrì.

Tíṣà Àgbádárìgì: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Tí bátìrì bá ń gbé iná jáde, cathode ni positive. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi iná sínú omi iyọ̀, cathode ni negative. Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àwọn orúkọ yìí jáde ní 1834. Àmì kọ́ la fi ń mọ cathode: ibi tí cation bá forí lé ni.

Kúnlé_07: Wọn ò bi wá tó báyẹn nínú ìdánwò.

Rẹ́wáyà Ìkòròdú: Lọ gbé wáyà sódì sórí bátìrì, á bi ẹ́.

Aya Olóyè: Rẹ́wáyà, ẹ jọ̀ọ́, èló lomi bátìrì lọ́dọ̀ yín? Omi kànga la ti ń rọ sí tiwa láti Kérésì.