Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣájà Dell lè ṣiṣẹ́ fún HP? Kíákíá ni o

Àdùkẹ́_Bàdàn: Ẹ̀yin ará ilé ẹ gbà mí o, eku ti jẹ wáyà ṣájà láptọ̀ọ̀pù mi já, HP ni, ọ̀la ni màá fi project sílẹ̀, bátìrì ku 11%. Ti Dell wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ẹnu ẹ̀ wọlé. Ṣé kí n fi sí i? Àbí ibo ni mo ti lè rí èyí tó dáa rà nírọ̀lẹ́ yìí?

OmoOkeAdo: Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Má dúró lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ inú lọ.

BabaBola: Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn ṣájà méjèèjì? Wo ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Fóltì (V) gbọ́dọ̀ bára mu. Áńpù (A) ti ọ̀rẹ́ ẹ lè pọ̀ ju ti ẹ lọ, kò sí wàhálà, ìwọ̀n tí láptọ̀ọ̀pù bá fẹ́ náà ló máa fà. Tó bá kéré ni kò dáa, bíi kí HP ẹ máa jẹ 3.33A kí ṣájà máa gbé 2.31A wá, á kàn máa gbóná ṣáá ni.

IyaIbeji: Má fi sí i o!!! Ẹnu ẹ̀ wọlé náà ni ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ládùúgbò wa wí, ló bá fi ṣájà príńtà, 24V, sí láptọ̀ọ̀pù ọmọ mi, ká tó ṣẹ́jú òórùn ti gba gbogbo ilé, bọ́ọ̀dù ti jóná, fọ́tò ìsìnkú ìyá mi ló wà nínú ẹ̀, títí di òní mi ò rí wọn mọ́.

Sade_Mokola: Ha! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Olúwa á tù yín nínú.

OmoOkeAdo: Irú èyí ni mo ń sọ. Ojúlówó ni kó rà.

Taju: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù jó kò ní kí háàdì, ibi tí fọ́tò wà, jó. Ẹ ní kí wọ́n yọ háàdì yẹn wò.

Akande: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. 24V ti príńtà kì í ṣe 19.5V ti láptọ̀ọ̀pù!

Sade_Mokola: Pínnì tó wà láàárín ẹnu ṣájà ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ń dára wọn mọ̀. Dell tí kò bá dá ṣájà mọ̀ á tan, àmọ́ kò ní chájì bátìrì, á tún máa falẹ̀.

Akande: HP ló pè é, kò pe Dell.

Sade_Mokola: HP náà ní pínnì, ẹ lọ wò ó.

Kola_Houston: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra nǹkan láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra, 120V ni iná tiwa níbí, 230V ni ti Nàìjíríà. Tí wọ́n bá kọ 100-240V sí INPUT, kò séwu.

Àdùkẹ́_Bàdàn: Ẹ ṣé gan-an. 19.5V ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti kó sí mi lára, mi ò fi sí i. Mo ti kó iṣẹ́ náà sórí flash kí bátìrì tó kú, business center ni mo wà báyìí, wọ́n ní àwọn ò ní pa jẹ́n títí aago mẹ́wàá.

BabaBola: 19.5V méjèèjì? Áńpù ńkọ́?

IyaIbeji: Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Taju, irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n máa ń so háàdì yẹn mọ́? Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi o.