Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gun alùpùpù, ọkàn mi kò sì balẹ̀

Ìyá Ìdòwú, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ní ìmọ̀ nípa rẹ̀ bá mi dá sí i. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 26, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní agbègbè Ìbàràpá. Iṣẹ́ náà kò mọ sí inú ọgbà ilé ìwòsàn, nítorí pé ó ní láti máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé àti gàá Fúlàní tí mọ́tò kì í fẹ́ dé, pàápàá ní àsìkò òjò. Ọlọ́kadà ló ti ń gbé e lọ láti ọjọ́ yìí, owó ara rẹ̀ ló sì ń san. Ní báyìí, ó ní òun fẹ́ kọ́ alùpùpù kí òun lè máa gun tòun. Ó ti bá ọlọ́kadà kan sọ ọ́ pé kí ó máa kọ́ òun ní pápá ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin náà sì ti fi dá a lójú pé ọjọ́ méjì péré ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, n kò sì sọ pé ọmọ mi kò gbọ́n. Etí títì márosẹ̀ ni mo ti ń tajà, ohun tí ojú mi sì ti rí níbẹ̀ láàárín ọkọ̀ àjàgbé àti ọ̀kadà kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí n má dá sí i, pé àgbàlagbà ni. Bàbá rẹ̀ ní bí ó bá fi lè gun ún, kí ó má ṣe wá sí ilé òun mọ́. Èmi ni mo wà láàárín wọn. Bí mo bá ní kí ó má gun ún, ó lè máa gun ún láìjẹ́ kí n mọ̀. Bí mo bá sì dákẹ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀? Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gun alùpùpù, kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo ń sọ ọ́ di ọmọdé?

Ọmọ Mushin:

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Tèmi ni pé kí ẹ kọ̀ jálẹ̀, kí ẹ sì dúró ti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Èkó ni mò ń gbé. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwa kan ráhùn nítorí ẹsẹ̀ rírìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ kí aláìsàn ní ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì rí mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbárùkù ti òfin náà. Lórí alùpùpù, kò sí irin kankan tó yí ènìyàn ká, kò sì sí bẹ́líìtì tó dì í mú. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tí mọ́tò náà sì rọra kọlu nǹkan lè bọ́ sílẹ̀ kí ó máa bínú. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè má dìde.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ ni pé ìjọba ló gba ọmọ yín síṣẹ́. Àwọn ni ó yẹ kí wọ́n pèsè ọkọ̀ tí yóò gbé àjẹsára wọn. Kí ó kọ lẹ́tà sí wọn, kí ó sì máa bá ọlọ́kadà rẹ̀ lọ títí wọn yóò fi dáhùn.

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ìyá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orí alùpùpù ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ wolé-wolé ní ìgbèríko, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fèsì ní kíkún.

Mo gbọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu Èkó yàtọ̀ sí ewu Ìbàràpá. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀, eré àsápajúdé àti èrò mẹ́ta lórí ìjókòó kan ṣoṣo ni ìṣòro. Ní ọ̀nà oko, yanrìn ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ewúrẹ́ àti màlúù ni, ilẹ̀ pupa tí òjò ti mú kí ó máa yọ̀ sì ni. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín lè kọ́ tí yóò mú awakọ̀ àjàgbé dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lè gbà á lọ́wọ́ yanrìn. Àti pé ẹ má gbàgbé pé ọmọ yín ti wà lórí alùpùpù láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà tí ẹ kò mọ̀ rí ló wà, ó sì ṣeé ṣe kí ó má dé akoto.

Ní ti lẹ́tà sí ìjọba, kí ó kọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un ní mọ́tò lọ́la, àwọn ọ̀nà kan wà tí mọ́tò náà kò ní lè gbà. Ìdèrè tó wà ní Ìbàràpá kan náà ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí sòbìyà ní àwọn ọdún 1980, ó sì di ọdún 2013 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ẹni tó bá rò pé inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi lé sòbìyà lọ kò mọ abúlé.

Ohun tó dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ yín ni ọjọ́ méjì tí ọlọ́kadà yẹn dá. Láàárín ọjọ́ méjì, ènìyàn lè mọ bí a ṣe ń fẹsẹ̀ ta á kí ó ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń wọ jíà, àti bí a ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ó ti mọ bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní pápá máa ń kìlọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá, nítorí pé yóò gbé e ṣubú. Ẹ̀kọ́ búburú ni. Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ máa ń sún síwájú, táyà iwájú ni yóò sì di ilẹ̀ mú jù. Ẹni tó bá gbára lé bíréèkì ẹ̀yìn nìkan yóò kọjá ibi tó fẹ́ dúró sí jìnnà, ìdí alùpùpù rẹ̀ yóò sì máa fì sọ́tùn-ún sósì. Lórí ọ̀dà tó gbẹ, ńṣe ni kí ó máa fún ti iwájú mọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ó gbá a mú lójijì, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn. Lórí yanrìn àti ẹrẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ti iwájú. Kí ó ti dín eré kù kí ó tó débẹ̀, kí ó má ṣe yí ọwọ́ alùpùpù lójijì, kí ojú rẹ̀ sì wo ibi tó ń lọ, kì í ṣe ilẹ̀ iwájú táyà.

Nítorí náà, ohun tí mo máa bẹ̀ yín láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkókò. Kí ó fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọ́ ọ ní pápá, lẹ́yìn náà ní ọ̀nà tí èrò kò pọ̀, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa gun alùpùpù tirẹ̀ tẹ̀lé e. Kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà A, tó wà fún alùpùpù. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kò ní in, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọmọ yín. Kí ó má sì ṣe gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ní ọdún àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé ìwúwo ẹnì kejì máa ń yí bí alùpùpù ṣe ń dúró àti bí ó ṣe ń gba kọ́nà padà pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ìsẹ́yìn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Ẹ ti sọ èyí tó wúwo jù, ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin ń bá pàdé lórí alùpùpù tún kù díẹ̀. Ìyá Ìdòwú, èmi náà ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ nítorí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé aṣọ wo ni yóò máa wọ̀. Ìró, síkẹ́ẹ̀tì gbọọrọ àti híjáàbù tí kò so mọ́ra lè kó sínú ṣéènì tàbí sípóòkù, obìnrin tí ó sì ti báyẹn ṣubú kò kéré níye. Bí ìjọ rẹ̀ kò bá fẹ́ ṣòkòtò, kí ó wọ ọ́ lójú ọ̀nà kí ó sì pààrọ̀ aṣọ tó bá débẹ̀. Èmi kò rò pé Ọlọ́run yóò bínú sí i. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ó wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín tó máa ń gbóná, máa ń wà lára àwọn alùpùpù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà apá òsì ni kí ó ti máa gùn ún, ibẹ̀ náà ni kí ó sì ti máa sọ̀ kalẹ̀. Àpá iná wà ní ojúgun ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi.

Nípa akoto, ẹ má jẹ́ kí ó ra èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹ óò rántí oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá, tí àwọn èrò mìíràn sì ń sá fún akoto nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n ti fi oògùn sínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akoto tí wọ́n ń tà lójú títì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ. Èyí tó dára máa ń ní fóòmù líle tó nípọn nínú àti okùn tó ṣeé dè pinpin lábẹ́ àgbọ̀n. Kí ó dé e, kí ó de okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì gbìyànjú láti ti ẹ̀yìn ṣí i kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá ṣí, kò bá a mu. Àkójọpọ̀ ìwádìí fi hàn pé akoto máa ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Ní ti irun, ṣùkú kò lè gba akoto láyè láti jókòó dáadáa. Kolésè ló dára jù, kí ó sì jẹ́ pé irun tó ti dì ni yóò gbé lọ síbi tí yóò ti ra akoto.

Ìyá Ìdòwú, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ ní alẹ́ àná. N kò ní kí ó má gun ún. Mo bi í pé ta ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ó ti gbà láti kọ́ ọ fún oṣù kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ tó ti ń gun alùpùpù tipẹ́ yóò sì máa bá a lọ. Èmi ni mo fẹ́ ra akoto náà. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n ó bi mí pé èló ni wọ́n ń tà á, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Àpótí àjẹsára tí yóò máa gbé, ṣé kò léwu lórí alùpùpù?

Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ìbéèrè tó dára gan-an ni, ìyá. Orí káríà ẹ̀yìn ni kí ó dè é sí, ní àárín gbùngbùn, pẹ̀lú okùn rọ́bà méjì tó gba ara wọn kọjá. Kò gbọ́dọ̀ gbé e sórí táǹkì epo, nítorí pé kò ní jẹ́ kí ó lè yí ọwọ́ alùpùpù dáadáa, kò sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ èjìká. Ewu mìíràn tó wà nínú àpótí yẹn ni pé ó máa ń mú kí ènìyàn sáré. Òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, oòrùn sì ń mú, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ nítorí yìnyín. Àpótí tí wọ́n bá kó yìnyín sí bó ṣe yẹ, tí wọn kò sì ń ṣí ní gbogbo ìgbà, kì í tètè gbóná. Kí ó tètè kúrò nílé láàárọ̀; ìyẹn ni yóò gbà á lọ́wọ́ eré sísá, òun náà ni yóò sì jẹ́ kí ó padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀kan wà tó kan ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ bá a ṣe àdéhùn lórí fóònù. Mo mọ ìyá. Bí aago mẹ́rin bá lù tí ẹ kò gbóhùn rẹ̀, ẹ óò pè é, ẹ óò sì tún pè é. Fóònù tó ń dún nínú àpò ẹni tó ń gba orí yanrìn kọjá lè mú kí ó gbé ọwọ́ kan kúrò. Òun ni kí ó máa pè yín tó bá dé abúlé, kí ó sì tún pè tó bá padà dé. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ pè, ẹ gba nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.