Àbálẹ́nuṣẹ́: ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a gbà dípò "àṣà ibi iṣẹ́"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa dá sílẹ̀, pé kí a gba "àṣà ibi iṣẹ́" fún ohun tí òyìnbó ń pè ní workplace culture, àti èyí tí àbúrò wa láti Ìkòròdú fi tì í, pé kí a máa pe ọ̀gá tó mọ èèyàn darí ní "akọ ìkookò", torí wọ́n kọ́ ọ ní sẹ́mínà kan pé akọ tó lágbára jù ló ń ja gbogbo agbo mọ́lẹ̀ kó tó di olórí wọn. Mi ò fara mọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tí ẹ bá pe àṣà, Káyọ̀káyọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, ọdún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lé wọn kúrò l'Ékòó ní 1851. Àṣà ní ọjọ́, ó ní aṣọ, ó ní ìlù, a ń pe gbogbo ayé wá wò ó. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n fi gíláàsì bò lè jẹ́ àṣà bẹ́ẹ̀, òótọ́, ìtẹríba, iṣẹ́ takuntakun, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni òṣìṣẹ́ tuntun máa ń bá pàdé tó bá wọlé. Ẹnìkan á ní ṣebí a máa ń sọ pé nǹkan ti di àṣà síni lára. A máa ń sọ ọ́, àmọ́ ti ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn, kò sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń gba ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà.

Ẹ wo òkìtì ọ̀gán, ó pọ̀ lóko wa, òmíì ga ju èèyàn lọ dáadáa. Àwọn ìkán tó ń mọ ọ́n ò ní ojú. Ìyá wọn wà nínú yàrá kan nínú lọ́hùn-ún, kò lè rìn, ẹyin ló ń yé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé mọ ògiri síbí tàbí ṣí fèrèsé sọ́hùn-ún. Ta ló wá ń darí wọn? Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Pierre-Paul Grassé, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1959: ìkán kan á fi itọ́ po ìyẹ̀pẹ̀ bíńtín, á gbé e lélẹ̀, ìyẹ̀pẹ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn ló máa fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti gbé tiẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ga di òpó, òpó méjì tó bá súnmọ́ra á tẹ̀ síra wọn lókè, ó di àtẹ́rígbà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń pe iṣẹ́ tó kàn.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé aago mẹ́jọ ni gbogbo èèyàn ń kọ sínú rẹ́jísítà, ẹni tó dé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ náà mẹ́jọ ló ń kọ. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀ o. Ẹni tuntun á dé, á ṣí ìwé, á rí mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun náà á kọ mẹ́jọ, ẹni tó tún dé lẹ́yìn ẹ̀ á wá bá tiẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ títí, wọ́n ṣe mítìn, pàbó. Ìgbà tí ọ̀gá mìíì dé, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn ń kọ àkókò tó wọlé gan-an ni, 7:52, 7:47, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dá a dúró á kọ 9:10 gbàgàdà kí gbogbo wa rí i, ta ló wá fẹ́ kọ mẹ́jọ sábẹ́ 9:10 tí ọ̀gá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ? Díẹ̀díẹ̀ ni irọ́ yẹn tán nínú ìwé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú àbálẹ́nuṣẹ́ wá. Bí àbáláyé ṣe jẹ́ ohun tí a bá láyé, èyí jẹ́ ohun tí a bá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù tó lè ba ẹlòmíì ni pé àbáláyé ti wúwo jù, pé á dà bíi pé nǹkan ọ̀hún ò ṣeé yí padà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá nǹkan nílẹ̀ náà á fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti bá, ọ̀rọ̀ yẹn ti gbà á mọ́ra látilẹ̀, èyí tí "àṣà" ò sì gbà mọ́ra nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ akọ ìkookò ò ní pẹ́ rárá. Rudolf Schenkel, ọ̀mọ̀wé tó ń wo ìṣe ẹranko, ló kọ ọ́ ní 1947, àwọn ìkookò tí wọ́n sé mọ́ ọgbà ẹranko ní Basel ní Switzerland ló ń wò. David Mech, ọ̀mọ̀wé nípa ìkookò, ará Amẹ́ríkà, tún gbé e sínú ìwé tó ṣe ní 1970, ibẹ̀ ló gbà tàn káyé. Mech yìí kan náà lọ ń wo ìkookò nínú igbó fúnra ẹ̀ ní Kánádà, ó sì kọ ọ́ ní 1999 pé bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ló sábà máa ń wà nínú agbo, kò sí pé ẹnìkan ń ja ìjà oyè, títí tó fi ń bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àbúrò mi, tí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ bá ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ ńlẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ dé ọjà ẹja Olúwo níbí, Ìyálọ́jà là ń pe olórí, a ò pè é ní akọ nǹkankan. Orúkọ òbí la ti ń fi joyè tipẹ́, ẹ jẹ́ ká lò ó: ìyáléeṣẹ́, bàbáléeṣẹ́, ó kúkú dùn lẹ́nu.

Ẹ bá mi dán an wò nínú gbólóhùn: "Owó oṣù wọn pọ̀, àmọ́ àbálẹ́nuṣẹ́ ibẹ̀ ò dáa." "Kí ló jẹ́ àbálẹ́nuṣẹ́ yín níbẹ̀ tí oníbàárà bá ń pariwo?" Ó lọ geere létí tèmi. Èyí tí mi ò tíì rí ni ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún ohun tí ọ̀gá onírẹ́jísítà yẹn ṣe, kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun dáadáa sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè bá a. "Fi lélẹ̀" ti súnmọ́ ọn, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ti gbà á lọ. Àwọn ará Àgbádárìgì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn apẹja àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀, kí ni wọ́n máa ń pè é tí ọ̀gá bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọṣẹ́?