Laptop tuntun fún ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé: Windows 11 ni kí n rà àbí kí n fi Linux sí i?

Àbẹ̀kẹ́ Atẹ̀wé:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbàdàn, mo ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì, mo ń bá wọn tẹ fáìlì jáde, mo sì ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní wọn ò tún un ṣe mọ́, kò sì gba 11, torí ẹ̀ ni mo ṣe tọ́jú owó láti ra tuntun. Ẹni tó ń tà á wá fi oríṣi méjì hàn mí, laptop kan náà ni o, ọ̀kan ti ní Windows 11 nínú, FreeDOS nìkan ló wà nínú èkejì, ìyẹn sì dínwó. Ó ní tí mo bá ra èyí tó dínwó òun á bá mi fi Windows sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní kí n ra èyí tó dínwó lóòótọ́ ṣùgbọ́n Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni kí n fi sí i, pé ọ̀fẹ́ ni, pé kò sí fáírọ́ọ̀sì, pé kì í jẹ dátà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fowó kún un kí n ra Mac, kọ̀ǹpútà Apple. Orí mi ti dàrú. Mo tún máa ń gba iṣẹ́ Yorùbá alámì o, àwọn ọmọ ẹ̀ka Yorùbá máa ń gbé e wá, mi ò fẹ́ pàdánù wọn.

Ẹnjinníà Ìkẹjà:
Ẹ kú ọjà o, àǹtí. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yín yìí ló ń gbé oníbàárà wá bá mi jù báyìí. Ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10. Ìyẹn ò ní kó má tàn, á ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ tí àwọn olè bá rí ihò tuntun lára ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i, àfi àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, ìyẹn náà á sì parí ní October 2026. Ohun tó sábà máa ń fà á tí ẹ̀rọ àtijọ́ kì í fi í gba 11 ni pé 11 fẹ́ TPM 2.0, èyí tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú ẹ̀rọ, tó bá sì jẹ́ Intel ni, jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè ló fẹ́. Àwọn kan máa ń fipá gbé e sórí ẹ̀rọ tí kò kájú ẹ̀, èmi kì í ṣe é fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà jẹun.

FreeDOS kì í ṣe ayédèrú o, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà ni. Jim Hall ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1994 kí àwọn tó ń lo DOS, ètò àtijọ́ tó wà ṣáájú Windows, má bàa di aláìníbùgbé. Àwọn tó ń ṣe laptop máa ń fi sínú ẹ̀rọ tí wọn ò san owó Windows lé lórí, ìdí tó fi dínwó nìyẹn, àmọ́ Word tí ẹ ń lò yẹn ò lè ṣí lórí ẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù ni "lọ́fẹ̀ẹ́" tí ọkùnrin yẹn sọ. Láísẹ́ǹsì Windows kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi sọ́fítíwíà kan jí i ṣí, sọ́fítíwíà yẹn á sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antivirus ná, ta ló wá mọ ohun tó tún kó wọlé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ NIN àti nọ́ńbà báńkì àwọn ọmọ ọlọ́mọ sórí fọ́ọ̀mù látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gbà á. Ẹ ra èyí tó ní Windows 11 látilẹ̀. Iṣẹ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín ló yẹ kó yàn án fún yín, Word lẹ fi ń jẹun, inú Word náà ni ọ̀gá tó ń yẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì wò ti ń kọ èsì. Ẹ wo RAM ẹ̀ (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) dáadáa, lórí ìwé 4GB tó fún 11, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kó dín ní 8GB, kí ibi tó ń kó fáìlì sí sì jẹ́ SSD, èyí tó yá ju hard disk lọ.

Ọmọ Oǹdó:
Linux ni mo ń lò níbi iṣẹ́ àti nílé, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Ubuntu, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an (ọmọ South Africa ló dá a sílẹ̀ o, Mark Shuttleworth, ní 2004, inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí). Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnjinníà ni mo fara mọ́ fún ṣọ́ọ̀bù yín. Microsoft ò ṣe Word fún Linux. LibreOffice, èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ Word lórí Linux, á ṣí fáìlì Word, á sì ṣí lẹ́tà lásán dáadáa, àmọ́ ẹ gbé pírọ́jẹ́ẹ̀tì tó ní tábìlì, àwòrán, atọ́ka àkóónú àti nọ́ńbà ojú ewé oríṣi méjì sí i, nǹkan lè sún kúrò ní àyè ẹ̀, ọmọ tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò sì ní gbọ́ àlàyé yín. Fọ́ǹtì Times New Roman tí gbogbo wọn ń lò kì í bá a wá, òmíràn tí ìwọ̀n ẹ̀ bá a mu ni wọ́n á fi dípò, ẹ lè fi ojúlówó sí i fúnra yín ṣá.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kò parọ́ àmọ́ ó fi díẹ̀ kún un. Fáírọ́ọ̀sì Linux wà, kò kàn pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé bíi ti Windows ni. Ó ń jẹ dátà náà, ẹ kàn lè yan ìgbà tó máa gba àtúnṣe ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín gbé Linux Mint, oríṣi Linux míì, sórí ẹ̀, RAM 4GB tó o, tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹ̀rọ náà ń wọ́, kó mú oríṣi Mint tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xfce. Mint 22 á máa gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ di 2029. Mẹ́ńù ẹ̀ ò jìnnà sí ti Windows, ọmọ ṣọ́ọ̀bù yín á mọ̀ ọ́n lò. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé èsì ìdánwò, ìmeèlì, inú Firefox tàbí Chrome ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, kò béèrè Windows. Kó kọ́kọ́ gbé e sórí fílááṣì, kó tan ẹ̀rọ látara fílááṣì yẹn láìtíì fi nǹkan kan sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń dáhùn. HP kì í sábà yọni lẹ́nu, àwọn Canon oníléésà kan máa ń ṣagídí. Kó dẹ̀ kó fáìlì yín pamọ́ kó tó fi sínú ẹ̀ pátápátá, torí ó lè pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Atẹ̀wé:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mi ò tiẹ̀ ronú sí ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn rárá. Mac ńkọ́, CorelDRAW sì ńkọ́, torí mo máa ń ṣe ìwé ìkéde òkú àti ìgbéyàwó? Yorùbá alámì náà ńkọ́?

Ẹnjinníà Ìkẹjà:
CorelDRAW ò sí fún Linux, ó wà fún Windows àti Mac. Mac dára, bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́, ìyẹn sì wúlò níbi tí iná ò ti dúró, Word náà wà lórí ẹ̀. Àmọ́ láti ìparí 2020 tí Apple ti ń fi ṣíìpù tiwọn sínú ẹ̀, ẹ ò lè fi Boot Camp, ohun tí Apple ṣe fún gbígbé Windows sórí Mac, gbé Windows síbẹ̀ mọ́, ẹ ò sì lè fi RAM kún MacBook lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á tán. Fún owó ṣọ́ọ̀bù, kò pọn dandan.

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti Yorùbá. Ìyẹn ò so yín mọ́ OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kankan. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Linux lábẹ́ Nàìjíríà, Keyman, ètò kíbọ́ọ̀dù tí àjọ SIL ṣe, sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows, Mac, Linux àti fóònù, ẹ lè mú kíbọ́ọ̀dù kan náà káàkiri. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi àmì òkèèrè pààrọ̀ fún lẹ́tà wa, tó bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín ó di jágbajàgba. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ní nọ́ńbà tiwọn, ni kẹ́ ẹ máa lò. Àwọn kan ń fa ìlà sábẹ́ e àti o dípò kí wọ́n tẹ ẹ àti ọ, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ kankan, tí ìlà yẹn bá ré, "ọkọ́" ti di "okó" nìyẹn nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún mọ̀ pé lẹ́tà bíi ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ẹ àti àmì orí ẹ̀ ló pàdé, torí náà fọ́ǹtì tí ò dáa á gbé àmì yẹn sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tẹ "ẹ́ ọ̀ ṣ ń" nínú fọ́ǹtì tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà kẹ́ ẹ tó gba owó iṣẹ́.

Ẹnjinníà Ìkẹjà:
Òótọ́ ni sà. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ti gbé ti Windows 11 délé, ẹ lọ sí ètò Wi-Fi kẹ́ ẹ tan "metered connection" kó má bàa fa àtúnṣe ńlá jẹ dátà yín. Tẹ́ ẹ bá rí i pé "S mode" ló wà, ẹ mú un kúrò, ọ̀fẹ́ ni, torí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi ohun tí ò sí nínú Store, ọjà ètò Microsoft, sí i. Kẹ́ ẹ sì wo kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ohun tó ń ti fáìlì orí ẹ̀rọ pa, nínú àkáǹtì Microsoft yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi ìwé ọ̀hún pamọ́ sílé, kó má wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá béèrè nọ́ńbà yẹn tí ẹ ò sì ní in, èmi gan-an ò ní lè bá yín ṣí i.