Sílébù haiku ní Yorùbá: báwo la ṣe ń kà á?

Akẹ́wì_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ haiku, ewì kúkúrú àwọn ará Japan, ni. Wọ́n ní ìlà mẹ́ta ni, sílébù 5-7-5. Èyí ni mo kọ:

Ayé ń yí lọ
ìbànújẹ́ gba ọkàn
ó dùn mí púpọ̀

Ṣé iye rẹ̀ pé? Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Àrọ̀fọ̀
Ìlà kìíní pé: a-yé-ń-yí-lọ. "Ń" yẹn dá dúró, ó lóhùn tirẹ̀, ọ̀kan ni. Ìlà kejì ló tàn yín. Lójú ìwé, méje ni, àmọ́ ta ló ń pe "gba ọkàn"? "Gbọkàn" là ń pè, ó sì di mẹ́fà. Ẹnu ni kí ẹ fi kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti pàdé orúkọ tí fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù, ibẹ̀ ni ìpajẹ (kí fáwẹ́lì kan pòórá lẹ́nu) pọ̀ sí. Orúkọ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, bí "òwúrọ̀ ọyẹ́", kì í sábà pàdánù nǹkan kan.

"Ìbàdàn" jẹ́ mẹ́ta, torí "n" ìparí yẹn ò ní iye tirẹ̀. "Aláǹgbá" jẹ́ mẹ́rin, "jókòó" jẹ́ mẹ́ta.

Èdè wa tilẹ̀ gba haiku ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí àwọn ará Japan ń kà (on ni wọ́n ń pè é) súnmọ́ sílébù tiwa gan-an: fáwẹ́lì gígùn jẹ́ méjì, "n" tó dá dúró jẹ́ ọ̀kan. Mẹ́rin ni Tokyo lẹ́nu wọn: to-o-kyo-o. Sílébù Gẹ̀ẹ́sì gùn ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í dé 17. Ní tiwa, ẹ di 17 mú.

Àbẹ̀ní_Ewì
Ẹ̀gbọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kíkà. Àléébù tó tóbi jù ni pé kò sí nǹkan kan tí a fojú rí nínú ewì yẹn. "Ìbànújẹ́" àti "ó dùn mí" ń sọ fún wa ohun tó yẹ kí àwa fúnra wa mọ̀ lára. Nínú haiku tí Bashō, akéwì ará Japan, kọ ní 1686, adágún àtijọ́ ni, àkèré bẹ́ wọ inú rẹ̀, omi dún. Kò sọ bó ṣe rí lára òun.

Ẹ tún wo ibi tó ti gé e. "Furuike ya" ni ìlà kìíní rẹ̀. "Ya" ni ọ̀rọ̀ ìgé, èyí tó ń pín ewì sí méjì, ó sì wà nínú márùn-ún náà. Àwa ò ní irú rẹ̀, dáàṣì tó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ gé e: 5 lọ́tọ̀, 12 lọ́tọ̀, tàbí kí 12 ṣáájú. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá dá dúró, ó di ìwé ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbà, kigo, èyí tó ń fi ìgbà inú ọdún hàn. Àkèré jẹ́ ti ìgbà ìrúwé lọ́dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ ìwà èèyàn lẹ ń fi ṣẹ̀fẹ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ ìgbà, senryū nìyẹn, kò burú.

Akẹ́wì_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí ńkọ́?

Àkọ́rọ̀ òjò—
esunsun ń já sínú
abọ́ omi kan

Àbẹ̀ní_Ewì
Ẹ káre! Mo rí abọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbà di méjì: ta ni kò mọ̀ pé àkọ́rọ̀ òjò ló ń lé esunsun jáde? Ẹ yọ ìlà kìíní, kí ẹ fi márùn-ún náà ra nǹkan mìíràn, bíi "Fìtílà ìyá—". Ìgbà náà la máa mọ ohun tó fà wọ́n wá.

Àrọ̀fọ̀
"Abọ́" tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta kò mú nǹkan kan kúrò nínú ìlà kejì: e-sun-sun-ń-já-sí-nú. Ohùn sinmi ní ìparí ìlà, nítorí náà méje yẹn pé.

Àwọn ará Japan ní ìwé ọ̀rọ̀ ìgbà, saijiki, tí wọ́n pín sí ìgbà mẹ́rin àti ọdún tuntun. Ẹ ṣe tiyín: ọyẹ́ àti àgbálùmọ̀ sí abẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, esunsun àti àgbàdo tútù sí abẹ́ òjò. Ẹ má kàn da tiwọn kọ o. Òṣùpá lásán, ìgbà ìwọ́wé ló ń tọ́ka sí lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa, kò tọ́ka sí ìgbà kankan.