Tacoma tòkunbọ̀ àbí Hilux: èwo ni kí àgbẹ̀ rà fún ọ̀nà oko?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú tòde ọkọ̀. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù alábọ́ọ́dé onílẹ̀kùn mẹ́rin tí màá fi máa kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti oko wá sí Ìsẹ́yìn, tí yóò sì máa dé Bódìjà n'Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀nà oko náà tó kìlómítà 14. Iyanrìn ni lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ni bí òjò bá ti dé. Èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀.

Toyota Tacoma tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni mo ń wò, ọdún 2008 sí 2012, ẹ́ńjìnnì 4.0. Mo sì tún ń wo Hilux ọdún kan náà, yálà 2.7 tó ń lo bẹntiróòlù tàbí 3.0 tó ń lo dísù. Owó Hilux ju ti Tacoma lọ, bẹ́ẹ̀ Tacoma ló tuni lára jù láti jókòó sí. Wọ́n tún ní kí n yẹ Nissan Frontier wò nítorí pé owó rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló lè ru ẹrù tí kò ní ṣẹ́? Kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Ládípọ̀

Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ti ibi ẹrù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tacoma tí wọ́n ṣe láti 2005 sí 2015 kì í ṣe Hilux tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ṣáṣì wọn yàtọ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn wọn náà yàtọ̀. Nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe Tacoma, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́, tó ń fi í gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí wọ́n sì ń ru ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí tó fi tuni lára nìyẹn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn náà. Wọ́n kọ iye tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀, ní kílò àti ní pọ́n-ùn. Lára Tacoma onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó sábà máa ń wà láàárín kílò 500 sí 600. Èèyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 75 ti gba 300 níbẹ̀. Ohun tó kù fún ẹ̀gẹ́ kò ju ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Ti Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin máa ń tó kílò 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá di ẹrù Hilux lé Tacoma, sípíríǹgì ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Irin pẹlẹbẹ mẹ́ta pẹ̀lú ẹyọ kan tó kúrú nísàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀, iwájú á gbé sókè, iná rẹ̀ á máa ṣán ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú, ọwọ́ ìdarí á sì fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2014, Toyota pe Tacoma fọ́ wíìlì àti PreRunner (Tacoma gíga tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń yí) ọdún 2005 sí 2011 padà nítorí irin sípíríǹgì yìí kan náà. Ó lè ṣẹ́, kó sì gún táǹkì epo. Ọdún tí ẹ ń wò wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ rọra ka iye irin tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá ibi tó bá ti sán. Ẹ lè fi irin kún un, kò ní wọlẹ̀ mọ́. Àmọ́ kò sọ ọ́ di ọkọ̀ kílò 800 o: ṣáṣì, búrékì, táyà àti ásù ẹ̀yìn ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ́ńjìnnì 4.0 dára gan-an ní tirẹ̀. Agbára ẹṣin 236 ni, ṣéènì ló fi ń ṣiṣẹ́ dípò bẹ́líìtì, kì í yára gbó bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Pọ́ǹpù omi ló sábà máa ń jò. Lórí epo, ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún 4.0 fọ́ wíìlì òtòmátíìkì jẹ́ bíi lítà 13 fún kìlómítà 100. Ti Tacoma 2.7 fọ́ wíìlì kò dín ju lítà kan lọ. Bí ẹ bá wá di ẹrù, 2.7 á máa pariwo lórí òkè, ìyàtọ̀ yẹn á sì parẹ́.

Ìmọ̀ràn mi: bó bá jẹ́ ẹrù ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́, ẹ ra Hilux 2.7. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 2TR, wà lára Tacoma tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré náà, oníṣéènì ni, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà ní Ládípọ̀ àti ní Gate n'Ìbàdàn.

Bàbá Dísù

Òótọ́ ni Ọmọ Ládípọ̀ sọ lórí ẹrù, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ìyà tó wà nínú Hilux náà. Wọn kò ta Hilux ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà èyí tó ń wọlé ń ti ibòmíràn bọ̀, àwọn mìíràn sì ti ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì tàbí níbi ìkọ́lé níbí kí wọ́n tó tà wọ́n. Hilux tó ti fi ọdún mẹ́jọ gbé òkúta burú ju Tacoma tí wọ́n fi ń lọ sí ọjà lọ, kódà bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ń dán.

Èyí tó burú jù ni Hilux tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbé e sí òsì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n fi irin dí, tí wọ́n jó, tí wọ́n sì kùn lápá ọ̀tún, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pá ìdarí àti pẹ́dà búrékì tí wọ́n jó láìsí ìwọ̀n kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ dán wò.

Ní ti 3.0 dísù, ìyẹn 1KD: ó lágbára lórí òkè, kì í sì í mu epo púpọ̀. Àmọ́ àwọn òrùka bàbà tó wà lábẹ́ ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì) máa ń jò. Èéfín iná á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ki bí ọ̀dà, á sì dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Nígbà tí iná ọ́ìlì bá fi máa tàn, ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ gan. Bí ẹ bá rà á, ẹ sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, kí ẹ wo asẹ́ yẹn, kí ẹ sì pààrọ̀ òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́líìtì ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ṣéènì. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, torí bó bá já, fáàfù àti písítìnnì á kọlu ara wọn. Dísù ìdọ̀tí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀tá ínjẹ́tọ̀ náà.

Frontier 2005 sí 2010: ṣáṣì rẹ̀ lágbára, owó rẹ̀ dára, ẹ́ńjìnnì 4.0 rẹ̀ ju ti Tacoma lọ ní agbára ẹṣin (261). Àbùkù rẹ̀ wà nínú radiétọ̀. Inú radiétọ̀ ni wọ́n ti ń tu ọ́ìlì jíà lára. Bí ògiri tó wà láàárín bá là, omi á wọ jíà, gbogbo rẹ̀ á dà bí wàrà aláwọ̀ osùn, jíà á sì kú. Ẹ ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jíà jáde (nọ́ọ̀tì 10 ló dè é). Bó bá mọ́, ẹ pààrọ̀ radiétọ̀ lọ́gán, tàbí kí ẹ fi ìtura ọ̀tọ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹ tún tẹ́tí sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀: bó bá ń kùn bí ẹ̀fọn, àwọn ohun tó ń fa ṣéènì rẹ̀ le ló ti ń jẹ, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo lè dín èèyàn kù sí méjì, kí n sì máa lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Tacoma ṣì bá àpò mi mu. Wọ́n ní ṣáṣì rẹ̀ máa ń dípẹtà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára?

Ìyá Onímọ́tò

Bẹ́ẹ̀ ni, ìpẹtà ni ẹ̀rù Tacoma, ju ẹ́ńjìnnì lọ fíìfíì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín ló fà á, kò tún ràn án lọ́wọ́ pé ẹ̀yìn ṣáṣì náà ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹrẹ̀ àti iyọ̀ fi ń kó sínú rẹ̀. Toyota gbà ní 2016, lẹ́yìn ẹjọ́, láti yẹ ṣáṣì Tacoma 2005 sí 2010 wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tí ìpẹtà bá ti lu.

Ibi tí ọkọ̀ ti gbé ṣe pàtàkì. Èyí tó ti Texas, Arizona tàbí Florida wá sàn ju èyí tó ti New York, Ohio tàbí Pennsylvania wá. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣì onílẹ́tà 17 yẹn wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà kẹwàá ni ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré. Ẹ máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn jíà títí dé ìparí. Irin tó dá ṣáká á dún kẹ́ń, èyí tó ti jẹ tán nínú á dún pọ́, nígbà mìíràn òòlù á wọlé. Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí ni òkè ásù ẹ̀yìn àti ibi tí imú sípíríǹgì ti so mọ́ ṣáṣì. Bí gbogbo abẹ́ bá dúdú kirikiri pẹ̀lú ọ̀dà tuntun, tí nọ́ọ̀tì gan-an kùn, wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ fi ìkọ́ ha á títí irin á fi hàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún PreRunner. Gíga rẹ̀ bá ti fọ́ wíìlì dọ́gba, ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn nìkan ló sì ń yí. Yíyí ìbọ̀tìnnì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù sí 4H (ẹsẹ̀ mẹ́rin ń yí, jíà eré) àti 4L (ẹsẹ̀ mẹ́rin ń yí, jíà agbára) ni ẹ̀rí. Orí iyanrìn tàbí ilẹ̀ rírọ̀ ni kí ẹ ti dán an wò, ẹ má ṣe é lórí títì ọ̀dà. Fún 4L, ẹ dúró pátápátá, kí ẹ fi jíà sí N. Ní ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tí ẹ ṣàlàyé yìí, PreRunner á rì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn Tacoma kì í ṣe irin, ike líle ni. Kì í dípẹtà, ẹ̀gẹ́ tútù kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tó wúwo tó sì ní ẹnu bí ẹ̀rọ agbẹ́gẹ̀ẹ́ lè là á. Ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn onífítì márùn-ún gùn tó sẹ̀ǹtímítà 153, onífítì mẹ́fà tó 187. Ẹ wá onífítì mẹ́fà, kí ẹrù má bàa ga.

Ọmọ Ládípọ̀

Ó ku ẹyọ kan tó ń pa jíà Tacoma 4.0. Kò ní ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní WS ló sì ń lò. Bí mẹkáníìkì yín bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo ọ́ìlì pupa, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Abẹ́ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ á dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ọ́ìlì á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á sì ti fi jíà kọjá P dé D padà sí P. Nígbà náà ni wọ́n á tú nọ́ọ̀tì ìwọ̀n. Bó bá ń kán tó-tó-tó, ó pé. Bó bá ń dà, ẹ jẹ́ kó dà títí á fi máa kán. Bí kò bá kán rárá, ẹ fi kún un láti ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà.